Kò Pupa, Ṣùgbọ́n Ó Ń Dùn Mí: Ìtànṣán, Jẹjẹrẹ Ọmú àti Awọ Ara Wa

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin parí ìtọ́jú ìtànṣán fún jẹjẹrẹ ọmú lọ́dún tó kọjá. Díẹ̀ báyìí ló kù kó má parí ẹ̀. Owó ọ̀hún nira lóòótọ́, ọ̀nà ilé ìwòsàn sì jìn, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló fẹ́ dá a dúró. Awọ abẹ́ ọmú ẹ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ń yún un, ó ń ta á, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Aládùúgbò kan rí i, ó ní, "Hẹn-ẹ́n, iná tí wọ́n fi ń jó ẹ nínú ló ti ń jáde síta yẹn." Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ò lọ mọ́. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó sílé kí n tó gbọ́.

Mo bi í pé, "Àǹtí mi, ẹ ò sọ fún nọ́ọ̀sì ni?"

Ó ní, "Mo sọ. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kò pupa, pé ó dáa. Mi ò wá sọ̀rọ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn, "kò pupa," ló mú mi kọ èyí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ. Kí ọjọ́ àkọ́kọ́ ìtọ́jú tó pé ló yẹ kí obìnrin ti mọ ohun tí ìtànṣán lè ṣe sí awọ ara ẹ̀, bó ṣe máa ń rí lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ohun tó lè ṣe nílé, àti ẹni tó yẹ kó sọ fún. Àìmọ̀ ló ń mú kí àwọn kan sá fún ìtọ́jú tó lè gba ẹ̀mí wọn là.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí awọ náà gan-an?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bí awọ ṣe ń gbé ara ẹ̀ ró. Nísàlẹ̀ awọ òkè, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ni láti máa bí sẹ́ẹ̀lì tuntun. Àwọn tuntun yìí á máa ti àwọn tó ṣáájú wọn sókè. Àwọn tó bá ti dé òkè pátápátá á gbẹ, wọ́n á sì máa ré dànù díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Ìrìn àjò yẹn, látìsàlẹ̀ dé òkè, máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ jẹ́ X-ray tí agbára ẹ̀ pọ̀ gan-an. Ó máa ń ba DNA inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́, pàápàá àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pín. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń tún ara wọn ṣe dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kú. Sẹ́ẹ̀lì awọ mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó máa ń gba àkókò. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn tó wà lókè ṣì ń ré lọ, àwọn tó yẹ kó rọ́pò wọn ò sì tíì pọ̀ tó. Ohun tó ń mú kí awọ fẹ́lẹ́ nìyẹn, kó gbẹ, kó sì máa bó. Níbi tí ara bá ti ń ha ara, bí abẹ́ ọmú àti abíyá, ó lè ṣí kó máa ṣomi.

Ẹ fi wé ìyá ọlọ́jà tí ilé iṣẹ́ tó ń kó ọjà fún un ti dẹwọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àtẹ ẹ̀ ṣì kún, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó di bí ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta kí àtẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Tí ilé iṣẹ́ bá sì tún gbéra, kì í ṣe ọjọ́ yẹn náà ni àtẹ á kún padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé awọ lè burú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá ti parí, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn ìparí. Ẹni tí ò bá mọ èyí á rò pé nǹkan ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ "iná inú tó ń jáde" ńkọ́? Irọ́ ni. Ẹ̀rọ náà ò ní fọwọ́ kàn yín, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà, ẹ ò sì ní mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń lọ. Mẹ́lánìn ló ń mú kí ibẹ̀ ṣú, ohun kan náà tó ń mú wa dúdú sí i tá a bá pẹ́ nínú oòrùn. Ohun mìíràn tún rèé: ẹ̀rọ tó ń ta ìtànṣán láti ìta kì í fi ìtànṣán sílẹ̀ sínú ara. Ẹ lè gbé ọmọ mọ́ra. Ẹ lè sùn ti ọkọ yín. Ẹ ò ní kó o ran ẹnikẹ́ni.

Ta ló ní "pupa" ni òṣùwọ̀n?

Ọ̀rọ̀ "pupa" yìí ní ìtàn. Ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen ṣàwárí X-ray ní Jámánì. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú àrùn, àmọ́ wọn ò ní ohun tí wọ́n á fi wọn bó ṣe pọ̀ tó. Awọ ara ni wọ́n wá sọ di òṣùwọ̀n: ìwọ̀n tó bá ti mú awọ pọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kà á. Ó di ọdún 1928 kí àwọn onímọ̀ tó fẹnu kò lágbàáyé lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi orúkọ Röntgen pè. Kódà, ní 1901, Henri Becquerel, onímọ̀ ará Faransé, fi ìgò rédíọ́mù kékeré kan sínú àpò aṣọ ẹ̀. Awọ tó wà lábẹ́ àpò náà pọ́n, nígbà tó yá ó di egbò.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀, lára awọ funfun. Títí dòní, ìpele àkọ́kọ́ nínú òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò ṣì ń dárúkọ pípọ́n awọ. Lára tiwa, pípọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ohun tó máa ń hàn ni pé ibẹ̀ á ṣú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, á gbóná tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, á wú díẹ̀, á máa yún, á dà bíi pé awọ náà ti kéré jù fún ara. Ẹni tó bá ń retí pupa lè tẹjú mọ́ egbò tó ń bọ̀ kó má rí i.

Mi ò sọ pé àwọn nọ́ọ̀sì wa ò mọṣẹ́ o. Wọn ò tó níye, èrò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n èrò mi ni pé kí ìbéèrè máa ṣáájú ojú: Ṣé ó ń dùn yín? Ṣé ó ń yún? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n fi wé ọmú kejì. Kí àwòrán tí wọ́n bá fi han aláìsàn jẹ́ ti awọ dúdú, kí àlàyé abẹ́ ẹ̀ sì wà ní Yorùbá.

Àwọn kan á ní tí wọ́n bá sọ gbogbo èyí ṣáájú, ẹ̀rù á ba obìnrin náà, kò ní wá mọ́. Mi ò gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ohunkóhun, ó sì sá. Ká ní wọ́n ti sọ fún un pé, "Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ṣeé ṣe kó ṣú, kó máa yún, ẹ wá bá wa lọ́jọ́ náà," ọ̀rọ̀ aládùúgbò ò ní rí ibi wọlé.

Ẹ̀rọ ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́

Ìròyìn ayọ̀ wà. Orí awọ gan-an ni agbára ẹ̀rọ ayé àtijọ́ ti máa ń pọ̀ jù. Ẹ̀rọ kóbọ́ọ̀tì tó dé lẹ́yìn wọn gbé e wọ inú ní bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà. LINAC, irú èyí tó wà ní ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní LUTH, Ìdí-Àràbà, ní 2019, lè gbé e wọ inú tó sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀. Àmọ́ ọmú ò jìnnà sí awọ, torí náà awọ á ṣì gba ìpín tiẹ̀.

Iye ìgbà náà ti dín kù. Tẹ́lẹ̀, ìgbà 25 ni láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, 50 Gy lápapọ̀. Gy ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìtànṣán lónìí. Ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ START fi hàn pé ìgbà 15 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 40 Gy, ń ṣiṣẹ́ bákan náà, kò sì ni awọ lára tó ti àtijọ́. Ní 2020, àbájáde ìwádìí FAST-Forward jáde: ìgbà 5 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, 26 Gy. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló bá mu. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń ti ìlú mìíràn wá sí Èkó tàbí Ìbàdàn, tó ń wá owó ọkọ̀ àti ibi tó máa sùn, ìbéèrè kan ò burú: "Dókítà, ṣé èyí tó kúrú lè bá èmi mu?"

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa nílé

Ẹ wẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí omi má kan ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé omi àti ọṣẹ tí ò le kì í mú un burú sí i. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ lò, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi wẹ̀ ẹ́, ẹ gbàgbé kànrìnkàn. Ọṣẹ dúdú, eérú wà nínú ẹ̀, ó le fún awọ tó ti fẹ́lẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ títí á fi jinná. Ẹ rọra fi tówẹ́ẹ̀lì tẹ ibẹ̀ gbẹ, ẹ má nù ún gbìrìgbìrì. Tí wọ́n bá kọ àmì sí yín lára, ẹ má fọ̀ ọ́ kúrò. Ohun tí a ń fi sí abíyá kó má rùn náà, ìwádìí ò rí i pé ó ń ba nǹkan jẹ́, bí awọ ibẹ̀ ò bá tíì bó.

Ìpara tí ò ní lọ́fínńdà, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, dára. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìpara fẹ́ẹ́rẹ́ kì í fi kún ìtànṣán tó ń dé awọ. Èyí tó bá nípọn tó mìlímítà mẹ́ta ló ń fi kún un. Torí náà, ẹni tó fẹ́ fi òrí pa ara, kó má fi rẹ́ ara bí ẹni ń rẹ́ ògiri kó tó lọ síwájú ẹ̀rọ. Ìpara tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù, bíi mometasone, ti ran ọ̀pọ̀ obìnrin lọ́wọ́ nínú ìwádìí. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ o, torí pé irú ìpara bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń tà lọ́jà fún bíbó ara, tẹ́nikẹ́ni ò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Ẹ má fi Robb sí i. Ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má fi àgbo tàbí àdín tí wọ́n po egbòogi mọ́ ra á. Bùbá òwú tó fẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wọ̀, kẹ́ ẹ fi kọ́mú onírin sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ fi aṣọ bo ibẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń rìn nínú oòrùn. Tó bá ti ń ṣomi, nọ́ọ̀sì ni kó bá yín wé e. Ẹ má lẹ pílásítà mọ́ ọn. Tí ara bá gbóná, tí ó bá ń ṣe ọyún tàbí tó ń rùn, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má fúnra yín dá ìtọ́jú dúró. Wọ́n ti ṣírò iye ọjọ́ yẹn. Àlàfo máa ń fún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ láyè láti tún pọ̀ sí i. Tó bá yẹ kẹ́ ẹ sinmi, dókítà ló máa sọ ọ́, òun náà ló sì máa mọ bí wọ́n ṣe máa dí ọjọ́ tó kọjá.

Mo mú ẹ̀gbọ́n mi padà lọ́jọ́ kẹrin. Dókítà mìíràn ló bá a pàdé. Ó bi í léèrè, ó fọwọ́ kan ibẹ̀, ó kọ ìpara fún un, wọ́n sì ṣètò bí wọ́n ṣe máa dí ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ó parí ẹ̀. Ibẹ̀ ti jinná. Ó ṣì ṣú díẹ̀, ó ń lọ ní kọ̀ọ̀kan.

Tẹ́ ẹ bá mọ obìnrin tó ń gba ìtànṣán lọ́wọ́ báyìí, ẹ má bi í pé "Kí lẹ ṣe tó fi dúdú báyìí?" Ẹ bi í pé, "Ṣé ẹ ti fi han dókítà?" Tó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni, tí wọ́n bá wò ó tí wọ́n ní kò pupa, ẹ sọ fún wọn pé ó ń dùn yín, kẹ́ ẹ sì tún un sọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.