Ẹ Sọ̀rọ̀ ní Kóòtù Àkọ́kọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹni tí ẹjọ́ bá délé rẹ̀, kó má ṣe dákẹ́ ní kóòtù àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ló fọkàn balẹ̀ pé bí ibí kò bá gbè àwọn, àwọn yóò rò ó ní Àbújá. Àbújá kì í bá yín tún ẹjọ́ rò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹjọ́ tó bá kan owó orí ìjọba àpapọ̀, ẹrù tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gbẹ́sẹ̀ lé, tàbí ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló ni ín. Ìjà ilẹ̀ àti ẹ̀sùn ìpànìyàn, kóòtù ìpínlẹ̀ ni. Ọ̀nà méjèèjì pàdé ní Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, níbi tí adájọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, ti ń jókòó. Lẹ́yìn èyí ló kan Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Àbújá: adájọ́ márùn-ún, tàbí méje bí ọ̀rọ̀ bá di ìtumọ̀ Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹjọ́ parí síbẹ̀. Ẹ bi lọ́yà yín dáadáa kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, torí ìdájọ́ kóòtù tí kò láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ lè wó lulẹ̀ ní Àbújá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní àwọn kóòtù òkè wọ̀nyí, ẹlẹ́rìí kì í sábà dìde sọ̀rọ̀ mọ́. Àkọsílẹ̀ kóòtù àkọ́kọ́ ni àwọn adájọ́ ibẹ̀ ń kà. Púpọ̀ nínú àwọn adájọ́ wa ṣì ń fọwọ́ ara wọn kọ àkọsílẹ̀ yìí. Ẹlẹ́rìí á sọ gbólóhùn kan, adájọ́ á ní kó dúró ná, á kọ ọ́ tán, á ní kó máa bá a lọ. Ohun tí kò bá bọ́ sínú ìwé yẹn, ta ni yóò mọ̀ lókè pé ẹ sọ ọ́?

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ èdè fi ń dùn mí. Akọ̀wé kóòtù á dìde, á ka ẹ̀sùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Awakọ̀ tàbí ìyá arúgbó tó wà nínú àpótí olùjẹ́jọ́ á máa mi orí, á ní "yẹsà", torí ojú ń tì í láti sọ pé kò yé òun. Bẹ́ẹ̀, abala 36 nínú Ìwé Òfin 1999 ní kí wọ́n fi èdè tó gbọ́ ṣàlàyé ẹ̀sùn fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ là á mọ́lẹ̀ ní 1983 pé olùjẹ́jọ́ tàbí lọ́yà rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tètè sọ pé èdè kóòtù kò yé e. Ẹni tó bá dákẹ́ títí ìdájọ́ fi jáde, agbára káká ni wọn yóò fi gbọ́ ọ lókè. Nítorí náà, ẹ lahùn: "Mílọ́ọ̀dù, Yorùbá ni mo gbọ́."

Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má fọjọ́ ṣeré. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ẹ̀sùn ọ̀daràn ní Kóòtù Gíga ní 90 ọjọ́ láti lọ sí Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Láti ibẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, 30 ọjọ́ péré ni. Ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìdájọ́ àṣekágbá. Ìwé Òfin tún ní kí Kóòtù Gíga fún yín ní ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ 7. Ẹ béèrè rẹ̀. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ bá Legal Aid Council; torí mẹ̀kúnnù ni ìjọba àpapọ̀ ṣe dá a sílẹ̀.

Bí aládùúgbò yín kan bá ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́, ẹ bi í lónìí bóyá ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí kò bá gbọ́, ẹ tẹ̀ lé e lọ ní ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí, torí gbangba ni kóòtù ti ń gbọ́ ẹjọ́, kó lè sọ ọ́ fún adájọ́.