Ọkọ Tó Ń Lu Aya Ni Kí Ẹ Rán Lọ sí Kíláàsì

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Bó bá wá di ọ̀rọ̀ ìyàwó tí ọkọ ń lù, a kì í rántí akátá rárá. Adìẹ là ń bá wí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀; akátá jókòó sórí àga, wọ́n ń bu ọtí fún un.

Ẹ wo ìpàdé ẹbí tí wọ́n fi ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á fa ìbòrí wálẹ̀ kí ojú tó wú má baà hàn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò ti ẹnu àgbà jáde ni, "Kí lo ṣe fún un?" Ọkọ á dọ̀bálẹ̀, á ní iṣẹ́ èṣù ni. Wọ́n á ní ó tó, kó dìde. Ìyàwó ni ẹ̀kọ́ wá kù fún: kó máa fọwọ́ wọ́nú, kó má máa fèsì, kó tètè máa dáná, kó rántí àwọn ọmọ. Bó bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tún kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ètò àwọn obìnrin. Ṣáájú ìgbéyàwó ó ti gba ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, gbogbo ẹni tó gba gbohùngbohùn ló tún kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ ni ṣáá! Ta ló kọ́ ẹni tó gbá a létí? Mo ní ta ni? Ẹni tó ju ẹ̀ṣẹ́ kò lọ sí kíláàsì kankan, ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ bà ló ń mú ìwé àti kálàmù dání.

Ní ìlú Duluth, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, láti 1981 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí yí àṣà yìí padà. Ọlọ́pàá á mú ọkọ tí ẹ̀rí bá wà pé ó lu aya rẹ̀, adájọ́ á ní kó máa lọ sí kíláàsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà. Bó bá pa á jẹ, ó di iwájú adájọ́. Lẹ́nu àwọn obìnrin tó ti jẹ irú ìyà yìí ni Ellen Pence, ọ̀kan lára àwọn tó dá ètò náà sílẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbọ́ ohun tí wọ́n fi ya àwòrán àgbá kẹ̀kẹ́ kan ní 1984. Létí àgbá náà ni lílù wà. Agbára àti ìjẹgàba ló wà láàrin gbùngbùn. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni fífi owó oúnjẹ du aya, yíyà á kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀, fífi ọmọ halẹ̀ mọ́ ọn, àti sísọ pé kò tó nǹkan. Ní kíláàsì, ọkùnrin á kọ ọ́ sínú ìwé: kí ni mo ṣe? Kí ni mo fẹ́ rí gbà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí mo fi ṣe é?

Ìbéèrè kejì yẹn dùn mọ́ mi, torí ó tú àṣírí "inú ló bí mi." Ṣebí ọ̀gá ọkùnrin náà bú u níbi iṣẹ́? Kò gbá a létí. LASTMA, àwọn tó ń darí ọkọ̀ l'Ékòó, wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ó délé, ó tilẹ̀kùn, ó wá ibi tí aṣọ máa bò lára aya rẹ̀, ó wá lù ú níbẹ̀. Ṣé ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe ló ń wá ibi tí aṣọ máa bò?

Àwọn kan ní èrè kíláàsì wọ̀nyí kò tó nǹkan, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Mo gbọ́. N ò ní kí kíláàsì rọ́pò ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó bá dáràn ẹ̀wọ̀n, kó lọ ṣẹ̀wọ̀n. Ẹlòmíràn á ní akátá kì í lọ sílé ìwé. Èyí tí a kò kọ́ ńkọ́? Àìmọye ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tó ń dé kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ Mápó ní Ìbàdàn ló ní lílù nínú. Adájọ́ á tú wọn ká, á sọ ẹni tí àwọn ọmọ máa bá lọ, ọkùnrin náà á sì fi ọwọ́ kan náà lọ fẹ́ ẹlòmíràn.

Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí wọ́n ń lù nínú ilé láti 2007, ó sì ní àjọ tó ń rí sí i. Kí àṣẹ kọ́ọ̀tù máa ní kíláàsì nínú, nírọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngán ìjọba ìbílẹ̀. Kí ọkùnrin fi owó ara rẹ̀ san án. Kí àkọsílẹ̀ ọjọ́ tó wá àti ọjọ́ tí kò wá máa dé ọwọ́ adájọ́ lóṣooṣù, kí ẹnì kan sì máa bi ìyàwó léèrè níkọ̀kọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń lù ú. Kí wọ́n má sì ní kó sin ọkọ rẹ̀ débẹ̀ o.