Ẹ Ná Ọjà Alẹ́, Ẹ Má Rẹ́ Ọlọ́jà Jẹ

Ọmọ Yorùbá tó bá rìnrìn àjò kì í fi ìnájà sílẹ̀ sílé. Bó bá dé ìlú onílùú, tó bọ́ sí ọjà alẹ́, tí wọ́n sì dá iye lé ohun tó mú lọ́wọ́, ìdajì iye náà ló máa kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Bí àwọn ìyá wa ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìnájà tí a bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní ìjánu tirẹ̀, ìjánu náà kì í sì í bá wa wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: kí arìnrìn-àjò máa nájà, àmọ́ kó mọ̀ pé ní ọjà àjèjì, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi òpin sí ìnájà náà, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó máa bá a fi í. Ọjà alẹ́ Luang Prabang, ìlú ọba àtijọ́ ní orílẹ̀-èdè Laos, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe ń rí nílé. Ẹni tó ń ra ata ní Bódìjà nílùú Ìbàdàn kì í nájà nínú òkùnkùn. Ó ti béèrè ní ìsọ̀ méjì-mẹ́ta, aládùúgbò rẹ̀ sì ti ra irú rẹ̀ lánàá, nítorí náà ó mọ ibi tí owó ọjà náà lè já sí. Ìyá aláta pàápàá mọ̀ pé ó mọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì mọ̀ pé àwọn ṣì máa ríra. Bí oníbàárà bá fún ọlọ́jà lọ́rùn lónìí, kò ní rí ẹ̀ni gbà lọ́la, kò sì ní rí àwìn rà lọ́jọ́ tí kò bá sí owó lọ́wọ́. Bí ọlọ́jà náà bá gbówó lé e lórí, ìsọ̀ tó kàn kò jìnnà. Èyí ló ń mú kí ìnájà wa dúró síbi tí ẹni méjèèjì á ti rí nǹkan mú lọ sílé. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ló ti rí bẹ́ẹ̀. Clifford Geertz, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ nípa àṣà àwọn ènìyàn, ṣe ìwádìí lọ́jà ìlú Sefrou ní Morocco, ó sì kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1978. Ó ní ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ́jà bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀, ìyẹn kéèyàn mọ iye tí nǹkan jẹ́ àti bó ṣe dára tó, pé ọ̀nà méjì pàtàkì táwọn ènìyàn sì fi ń wá a ni kí wọ́n máa nájà, kí wọ́n sì máa padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà kan náà. Ọ̀nà méjèèjì ń ti ara wọn lẹ́yìn. Bí ẹ bá mú ìpadàbọ̀ kúrò, ìnájà nìkan ló kù, kò sì sí ohun tó ń dá a lẹ́kun mọ́.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn ní Luang Prabang. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti òpópónà Sisavangvong mọ́ ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn olùtajà á ta àtíbàbà, wọ́n á tẹ́ ẹní sórí títì, wọ́n á pàtẹ aṣọ, àpò, bàtà àti ẹ̀gbà ọwọ́ sórí rẹ̀, tó bá sì di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n á palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tà jẹ́ obìnrin ẹ̀yà Hmong. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń rà jẹ́ àlejò tí kò ní lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ọdún 1995 ni UNESCO ka ìlú náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ojú irin tí wọ́n ṣí láti ilẹ̀ Ṣáínà lóṣù Kejìlá ọdún 2021 sì tún ń gbé èrò wá. Ẹni méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn ló ń dúnàá-dúrà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò kékeré ni wọ́n sì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Obìnrin náà á tẹ iye tirẹ̀, á kọ ojú ẹ̀rọ náà sí oníbàárà. Oníbàárà á pa á rẹ́, á tẹ tirẹ̀, á dá a padà. Ẹ̀rọ á máa lọ, á máa bọ̀, títí ẹnì kan á fi mi orí. Ìkíni, àwàdà àti ẹ̀bẹ̀ tó máa ń rọ ìnájà wa lójú kò sí nínú nọ́ńbà. Àlejò lójú, kò fi ríran: kò mọ iye òwú, kò mọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ náà gbà, kò sì ní sí nílùú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti rí ohun tí iye tó san dá sílẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó wà lórí ẹní náà. Àwọn obìnrin Hmong máa ń fi ìda oyin yíyọ́ ya iṣẹ́ sára aṣọ, wọ́n á rẹ aṣọ náà sínú aró ẹ̀lú, wọ́n á sì fi omi gbígbóná yọ ìda kúrò kí ibi tí aró kò dé lè hàn. Ẹni tó bá mọ adìrẹ ẹlẹ́kọ yóò dá iṣẹ́ yìí mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kọ láfún ni àwọn ìyá Abẹ́òkúta fi ń dí aró lọ́nà, ìda oyin ni tiwọn. Wọ́n tún ń fi abẹ́rẹ́ kó iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, lẹ́yìn ogun Laos tó parí lọ́dún 1975 sì ni àwọn tó sá lọ sí àgọ́ ìsádi ní Thailand bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ sọ ìtàn ara wọn: oko wọn, ogun náà, àti bí wọ́n ṣe sọdá odò Mekong. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ wọ̀nyí ni ṣíbí àti ẹ̀gbà ọwọ́ wà tí wọ́n fi alumíníọ́ọ̀mù bọ́ǹbù rọ. Láàárín ọdún 1964 sí 1973, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù tó lé ní mílíọ̀nù méjì tọ́ọ̀nù sórí Laos. Títí di òní, ní abúlé Ban Napia ní ẹkùn Xieng Khouang, wọ́n ṣì ń yọ́ àfọ́kù wọn, wọ́n ń dà á sínú àdàrọ. Irú iṣẹ́ báyìí ni àlejò ń du 20,000 kip (owó Laos) lé lórí, owó tí kò tó dọ́là Amẹ́ríkà kan bí owó wọn ṣe rí láti ìparí ọdún 2023.

Àwọn kan á ní ṣebí àwọn ọlọ́jà náà ló kọ́kọ́ ń gbówó lé àlejò lórí. Òótọ́ ni, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni san iye àkọ́kọ́ tó bá gbọ́. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ní ìnájà pẹ̀lú tálákà jẹ́ ìwà ìkà, ṣi ọ̀rọ̀ náà mú. Ọlọ́jà tó fi owó kún ọjà rẹ̀ fi í kún un nítorí pé ó retí ìnájà. Ẹni tó bá kàn kówó lé e lọ́wọ́ ń ṣe é bí ẹni ń ṣàánú alágbe, bí irú wọn bá sì pọ̀, owó ọjà á ga ju agbára ará ìlú lọ. Ohun tí mo ta kò ni ìlànà táwọn arìnrìn-àjò ń kọ́ ara wọn, pé iye tí wọ́n bá pè, kó o sọ ìdajì tàbí ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ìlànà yìí kò bojú wo ọjà. Ó ń fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ṣòkòtò tí ẹ̀rọ rán ní ilé iṣẹ́ àti aṣọ tí ènìyàn fi abẹ́rẹ́ kó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó tún ń fìyà jẹ ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ òótọ́, torí olùtajà tó pe iye tó sún mọ́ òtítọ́ ni ìdajì máa dùn jù.

Àtakò tó lágbára jùlọ ni ti àwọn tó ní kò sí ẹni tó fi ọ̀bẹ sí ọlọ́jà lọ́rùn: bí iye náà kò bá gbè é, kò ní tà. Èyí tọ̀nà bó bá jẹ́ ẹni tó ra ọjà láti ilé iṣẹ́ tó wá ń tún un tà. Iye tó rà á ni ìdúró rẹ̀, kò ní fẹ́ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọjà kò rí bẹ́ẹ̀. Òwú àti aṣọ nìkan ló fi owó rà. Ohun tó pọ̀ jù tó ná ni àkókò rẹ̀, àkókò náà sì ti lọ kí ọjà tó dé orí ẹní. Lálẹ́ tí kò tíì rí nǹkan kan tà, tí aago mẹ́wàá ń kù fẹ́ẹ́fẹ́, iyekíye tó bá ju owó òwú lọ yóò dà bí èrè lójú rẹ̀, nítorí ilé ń dúró de oúnjẹ. Bó bá mi orí nígbà náà, ohun tí ó fi hàn ni pé ọjà kò yá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò fi hàn pé iye náà tọ́. Ẹ sì rántí pé kip wó lulẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀, láti nǹkan bí 9,000 sí dọ́là kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 sí ohun tó ju 20,000 lọ ní ìparí ọdún 2023, àti pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 kan náà, ọ̀wọ́n gógó níbẹ̀ kọjá ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Obìnrin tó ní kí ẹ má jẹ́ kó wọlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè má ṣe ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kankan.

Ọmọ Nàìjíríà lè wá bi mí pé, tiwa ńkọ́? Náírà tó wà ní nǹkan bí 460 sí dọ́là kan kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé ìdajì ti kọjá 1,400 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ìwé ọkọ̀ kì í ṣe ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣọ́ owó rẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tó lè san owó ọkọ̀ òfuurufú dé Laos, tó sì lè san owó ilé ìtura, kò ní di òtòṣì nítorí dọ́là kan tó fi sílẹ̀ lórí ẹní. Bí owó kò bá sì tó, ọ̀nà tó ní ọ̀wọ̀ wà: kó ra ohun tó kéré, tàbí kó má rà rárá. Àìtó owó ẹni kò sọ iṣẹ́ ẹlòmíràn di ọ̀pọ̀. Àwa tí a mọ bí owó ìlú ẹni ṣe ń yọ́ lọ́wọ́ ẹni ló yẹ kó tètè gbọ́ ohun tí obìnrin náà ń fi ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ sọ.

Báwo wá ni kéèyàn ṣe nájà níbẹ̀? Kó kọ́kọ́ rìn yí ọjà ká kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kó lè mọ iye tí wọ́n ń pe irú ọjà kan náà káàkiri. Kó yí aṣọ sódì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ọwọ́ bá ṣe é, á rí kókó òwú níbi tí wọ́n ti so ó, á sì rí i pé ojú abẹ́rẹ́ kan gùn díẹ̀ ju èkejì lọ. Bí ẹ̀rọ bá tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ̀yìn á ṣá ju iwájú lọ, kò sì ní sí òwú kankan níbẹ̀. Èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe, kó ná an bó ti fẹ́, irú rẹ̀ pọ̀ lórí ẹní mìíràn. Èyí tí ọwọ́ ṣe, kó béèrè ẹni tó ṣe é, kó sọ iye tó mọ̀ pé òun lè dúró tì, kó sì fi ẹ̀rín sọ ọ́. Bó bá ń ra méjì, ó lè tọrọ ẹ̀dínwó bí a ṣe ń tọrọ ẹ̀ni nílé. Bí ọlọ́jà bá ti gba iye tó pè, kó san án. Kí èèyàn pe iye, kí wọ́n gbà fún un, kó wá rìn lọ, ìwà àìtọ́ ni lọ́jà èyíkéyìí. Ní Laos àti Thailand, olùtajà tó bá rí àkọ́tà máa ń fi owó náà kan ọjà rẹ̀ káàkiri kí oríire lè tẹ̀ lé e, òun náà ló sì máa ń mú kó dín owó fún oníbàárà àkọ́kọ́. Àwa tí àwọn ìyá wa ka àkọ́tà sí kò gbọ́dọ̀ fi ìgbàgbọ́ yẹn fún ẹlòmíràn lọ́rùn. Ẹni tí kò bá fẹ́ nájà rárá lè lọ sí ilé ìtajà Traditional Arts and Ethnology Centre, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú náà lọ́dún 2006, kó ra iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ìwà ọmọlúàbí lásán lọ, torí iye tí a bá san ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa pàtẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Ní Ìtòkú nílùú Abẹ́òkúta, àwọn aláró ń ráhùn pé aṣọ tí ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà fi ẹ̀rọ tẹ̀, tó jọ adìrẹ, ń gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀dà irú rẹ̀ ti wà lórí ẹní Luang Prabang lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó. Nígbà tí oníbàárà bá mú iye ẹ̀dà fi ná ojúlówó, ohun tó ń sọ fún obìnrin náà ni pé kó ju abẹ́rẹ́ nù, kó lọ máa kó ọjà ilé iṣẹ́ tà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó tì í ń gbọ́ ìdáhùn yẹn lálaalẹ́, òun náà á sì ṣírò bóyá iṣẹ́ ìyá òun tó jẹun. Òfin kankan kò lè dá èyí dúró lórí títì yẹn; ọwọ́ ẹni tó ń rà ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí àlejò tó wá sí Ìtòkú san iye tó yẹ fún iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀, kí òun náà san án ní Luang Prabang.