Ẹ Jẹ́ Kí A Pe Ásíìdì ní Orúkọ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń pe ẹnì kan ní Ìdòwú, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé ìbejì ni ìyá rẹ̀ bí ṣáájú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orúkọ iyọ̀ rí nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Àwọn kan ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ le jù fún ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé kí a fi í sílẹ̀ di ilé-ìwé girama. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn, nítorí pé inú ilé wa ni àwọn nǹkan wọ̀nyí wà.

Ẹ ti mọ ásíìdì kí ẹ tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Òun ni ó mú kí ọsàn wẹ́wẹ́ àti omikan orí ògì kan lẹ́nu. Béèsì ni ó wà nínú kán-ún, àti nínú omi eérú tí àwọn ìyá wa ń sẹ́ láti fi ṣe ọṣẹ dúdú. Bí ásíìdì àti béèsì bá pàdé, wọn yóò sọ ara wọn di iyọ̀ àti omi. Iyọ̀ náà yóò gba orúkọ kìíní lọ́dọ̀ béèsì, yóò gba èkejì lọ́dọ̀ ásíìdì. Béèsì tí àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ń pè ní kọ́sítíìkì sódà ni sodium hydroxide. Bí òun àti hydrochloric acid bá pàdé ní ìwọ̀n tí ó bára mu, sodium chloride ni wọn yóò bí, èyí tí í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Òbí méjì tí ń jó ènìyàn lára ló bí ọmọ tí à ń bù sọ́bẹ̀! Ẹ má dán an wò nílé o. Bí ó bá jẹ́ sulphuric acid ni, orúkọ ọmọ yóò parí sí sulphate. Ti nitric acid yóò parí sí nitrate. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní máa há ogún orúkọ sórí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iyọ̀ ni à ń jẹ. Copper sulphate tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sí kòkó nítorí àrùn tí ń sọ èso rẹ̀ di dúdú, iyọ̀ ni. Májèlé sì ni. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ya sodium nitrate sọ́tọ̀ sí sodium nitrite. Ìwọ̀nba kékeré nitrite yìí ni àwọn iléeṣẹ́ fi ń pa ẹran mọ́ kí ó má baà bàjẹ́. Ó funfun bí iyọ̀ ọbẹ̀, bí ènìyàn bá sì ṣì í bù sọ́bẹ̀, ó lè pa á.

Ìwà àwa àgbà ni ó dùn mí jù. A ń pe sulphuric acid inú bátìrì ọkọ̀ ní omi bátìrì. Ọmọ wo ni yóò sá fún ohun tí a pè ní omi? A ń po kọ́sítíìkì sódà, a ń rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu, a sì ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ yóò gbé e mu, yóò sì jó o láti ẹnu dé ọ̀nà ọ̀fun. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gbé dé ilé-ìwòsàn ní Nàìjíríà. Àwọn mìíràn kò lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi epo pupa mú ọmọ náà bì, nítorí pé yóò tún jó o bí ó bá ń padà bọ̀. Ilé-ìwòsàn ni kí wọ́n sáré gbé e lọ.

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí a fi ìgò ohun mímu kó ásíìdì tàbí béèsì rárá, kò sì yẹ kí ìgò tí a kó o sí wà láìsí orúkọ lára rẹ̀. Àgbà tí kò mọ̀wé lè pe ọmọ rẹ̀ kí ó bá a kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, kí àgbà náà fúnra rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà lè kọ SODIUM HYDROXIDE láìṣì í kọ.