Ojú Tí À Ń Yá Ẹ̀rọ

Ojú ni ọba ara, ẹni tí ó bá sì yá ẹlòmíràn ní ojú rẹ̀ ti yá a ní ohun ńlá. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nígbà tí iléeṣẹ́ Anthropic gbé ìlànà Model Context Protocol jáde, èyí tí ó la ọ̀nà fún àwọn olùrànlọ́wọ́ AI láti máa bá àwọn ètò kọ̀ǹpútà mìíràn ṣiṣẹ́ pọ̀, ni àwọn aṣẹ̀dá géèmù ti ń so wọ́n mọ́ Unity, Unreal àti Godot, àwọn ètò ìṣẹ̀dá géèmù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn. Kì í tún ṣe kóòdù nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí olùrànlọ́wọ́ yìí kà mọ́. Wọ́n ti ń fún un láṣẹ láti máa ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kí ó sì máa wò ó. Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí a yá a lójú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yá a ni kí ó máa pinnu ibi tí yóò máa wò.

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà, ẹni tí ó bá sì ti fi Unity ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí shader, ètò kékeré tí ń fún ohun inú géèmù ní àwọ̀, bá bàjẹ́, igi, ilé àti ènìyàn inú géèmù yóò di píǹkì yòò láti òkè délẹ̀. Fáìlì lè wà níbi tí ó yẹ, kí kóòdù má ní àléébù. Olùrànlọ́wọ́ tí ń ka ọ̀rọ̀ nìkan yóò sì fi ìgboyà ròyìn pé iṣẹ́ ti parí, nígbà tí ọmọdé tí ó bá yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan yóò bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀ràn yìí kan àwa tí à ń kọ Yorùbá gidigidi. Lẹ́tà tí ó ní àmì nísàlẹ̀ tí ó sì tún ní àmì ohùn lókè, bí ọ̀ tàbí ẹ́, kò ní ààyè odindi tirẹ̀ nínú Unicode. Ṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé e lórí. Nítorí náà, bí fọ́ǹtì tí a yàn kò bá gba àmì bẹ́ẹ̀, “Ọ̀ṣun” tí a kọ láìṣì sínú fáìlì lè di àpótí òfìfo lójú ẹni tí ń ṣeré, ẹ̀rọ tí kò sì ríran kò ní mọ̀ pé a ti ba orúkọ odò jẹ́.

Síbẹ̀, àwọn tí ń kọminú kò sọ̀rọ̀ lásán. Bí a bá ya odindi ojú kọ̀ǹpútà, àwòrán náà yóò kó géèmù, yóò kó lẹ́tà oníbàárà tí a ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò kó páswọ́ọ̀dù tí a gbàgbé síta, gbogbo rẹ̀ a sì di èrò ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Microsoft kéde Recall, tí yóò máa ya ojú kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ààbò figbe ta pé ohun tí ó ń kó pamọ́ kò ní ààbò tó, Microsoft sì ní láti sún un síwájú, kí ó sì sọ ọ́ di ohun tí oníkọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Nínú òwò géèmù, àṣírí ni ọjà: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ọwọ́ olè orí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ fídíò bí 90 láti inú Grand Theft Auto VI, ó sì tú wọn síta nígbà tí Rockstar, iléeṣẹ́ tí ń ṣe é, kò tíì pàtẹ rẹ̀. Kì í ṣe AI ni ó fà á, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé àwòrán iṣẹ́ tí kò tíì parí tó ohun tí à ń jí.

Ewu kejì fara sin. Olùrànlọ́wọ́ a máa ka ọ̀rọ̀ tí ó bá rí nínú àwòrán, kò sì fi gbogbo ìgbà mọ àṣẹ ọ̀gá rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí àjèjì kọ sára ògiri inú géèmù. Bí ẹni tí a ra pátákó inú géèmù lọ́wọ́ rẹ̀ bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a pa fáìlì kan rẹ́, ẹ̀rọ lè jẹ́ iṣẹ́ náà. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Kí àwọn tí ń ṣe ètò wọ̀nyí fi àwòrán mọ sí fèrèsé géèmù nìkan. Godot ti ní ọ̀nà láti mú un tààrà láti inú viewport, ibi tí géèmù ti ń hàn, láìfọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn tí ó ṣí. Àwọn oníṣẹ́ ń ráhùn pé títọrọ àyè ní gbogbo ìgbà ń dí wọn lọ́wọ́. A gbà bẹ́ẹ̀. Fún fèrèsé géèmù, àṣẹ ẹ̀ẹ̀kan níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó. Ohun tí ó bá kọjá ibẹ̀, kí ẹ̀rọ bèèrè nígbàkúùgbà. Kí ọ̀rọ̀ inú àwòrán má sì di àṣẹ láé: pípa fáìlì rẹ́ àti fífi nǹkan ránṣẹ́ síta gbọ́dọ̀ kọjá lọ́wọ́ ènìyàn.

Kí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ má sì tìtorí pé ẹ̀rọ ti ríran dá àwọn tí ń yẹ géèmù wò dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àwòrán tí ó dúró sójú kan kò lè sọ bóyá ẹsẹ̀ akọni inú géèmù wúwo nígbà tí ó ń fò, tàbí bóyá eré náà dùn; ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ni ó lè sọ ọ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì tọ́ sí i.