Ọkọ̀ yín tí wọ́n jí ti padà dé? Ẹ má tíì kó ẹrù sí i

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹni tí wọ́n jí ọkọ̀ rẹ̀ gbé tí wọ́n sì bá a rí i padà, ó yẹ kó dúpẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ni kò rí tiwọn mọ́. Ẹni tó ń fi búọ́ọ̀sì kó búrẹ́dì, iṣu tàbí sìmẹ́ńtì láti Ṣúpárè lọ sí Àkùngbá, Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà mọ̀ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ti lọ, òwò dúró nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí àwọn ọlọ́pàá bá ti ní kó wá gbé ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló máa ń gbé e lọ tààrà, pé kí wọ́n ṣe é kíákíá, àwọn oníbàárà ń retí ọjà. Kò sóhun tó burú nínú kánjúkánjú yẹn, àfi ibì kan.

Ibi náà ni sìkọ́ríìtì ọkọ̀. Àwọn olè ti fọ́ ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, wọ́n ti gé wáyà lábẹ́ sítíárì, áláàmù kò dún mọ́. Riwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, yóò wò ó títí, yóò ní: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ sìkọ́ríìtì yìí dànù, òun ló ń fa gbogbo wàhálà." Yóò so wáyà mọ́ wáyà, ọkọ̀ yóò jí, owó kékeré ni yóò gbà, gbogbo yín yóò sì máa yọ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí olè kò ráyè parí ni riwáyà yẹn bá a parí.

Ohun tí wọ́n ń yọ dànù yẹn, immobilizer ni wọ́n ń pè é. Ṣípù kékeré kan wà nínú orí kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ṣípù yóò sọ nọ́ńbà rẹ̀, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì yóò sì wò ó bóyá òun mọ̀ ọ́n. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ kò ní ṣiṣẹ́, bí ẹ tilẹ̀ ń yí i tilẹ̀ fi ṣú. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun. Ní Amẹ́ríkà tí kò ti jẹ́ dandan, ilé-iṣẹ́ Hyundai àti Kia ta ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò ní in. Nígbà tó fi máa di ọdún 2022, àwọn ọmọdé ti ń jí wọn gbé kiri, wọ́n ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han ara wọn lórí TikTok. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ méjèèjì kéde àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ohun tí àwọn yẹn ń náwó wá, àwa ń sanwó kí wọ́n bá wa yọ ọ́ kúrò!

Kí wọ́n dá a padà nìkan kò sì tó. Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ kò sí lọ́dọ̀ yín? Bó bá jẹ́ pé ìbọn ni wọ́n fi gbà á lójú ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ gidi ni wọ́n mú lọ. Bó bá jẹ́ pé ilé ni wọ́n ti gbé e, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi ẹ̀rọ kọ ṣípù mìíràn mọ́ ọn. Olè tó ti mọ ilé yín, tó mọ àkókò tí ẹ ń kó ọjà, kò nílò láti fọ́ nǹkan kan nígbà kejì. Ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Bí kò bá sí nítòsí, ẹ gbé e lọ sí Ìkàrẹ́, àní dé Àkúrẹ́. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀rọ yẹn lè sọ iye kọ́kọ́rọ́ tí kọ̀ǹpútà mọ̀. Bí ẹ bá ní méjì lọ́wọ́, tó ń pe mẹ́ta, ẹ tètè fura. Kó pa gbogbo wọn rẹ́, kó wá kọ àwọn tó wà lọ́wọ́ yín sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú yín. Kó bojú wo rìmóòtù náà, nítorí ó lè ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Irin kọ́kọ́rọ́ sì tún wà níbẹ̀ o: kọ̀ǹpútà kò lè pa irin rẹ́, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn. Olè tí kò lè gbé ọkọ̀ lọ ṣì lè kó ẹrù inú rẹ̀.

Ẹnìkan yóò ní búọ́ọ̀sì tòun ti gbó, kò ní ṣípù kankan. Ẹ ní kí wọ́n fi suwíìsì ìkọ̀kọ̀ sójú wáyà tó ń gbé iná lọ sí pọ́ǹpù epo, kó má jẹ́ ibi tí ti tẹ́lẹ̀ wà, kí gbogbo ọmọṣẹ́ má sì pé lé e lórí. Bí ẹ bá ní tracker, ẹ yẹ káàdì inú rẹ̀ wò. Tracker tí káàdì rẹ̀ kò lówó, irin lásán ni.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá bóyá wọ́n ti ya fọ́tò tí wọ́n nílò fún kóòtù, kí ẹ̀yin náà ya tiyín. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ṣáásì bá ti inú ìwé mu. Ẹ gba ìwé pé wọ́n ti dá ọkọ̀ padà fún yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí wọ́n ń wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dírẹ́bà yín ni wọ́n lè dá dúró lọ́nà Ọ̀wọ̀ bí olè. Ní ti ìnṣọ́ránsì, third party tí owó rẹ̀ kúrò ní 5,000 náírà bọ́ sí 15,000 fún ọkọ̀ àdáni lọ́dún 2023, kò sanwó ọkọ̀ tí wọ́n jí.

Owó ni gbogbo èyí o, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́kọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ní Ṣúpárè bá dáwó jọ, wọ́n lè pe ẹni tó ní ẹ̀rọ náà wá fún ọjọ́ kan, kó yẹ ti gbogbo wọn wò.

Ẹ má sì san owó tán kí ẹ tó dán an wò. Ẹ ní kí wọ́n gé kọ́kọ́rọ́ lásán kan tí kò ní ṣípù, kí ẹ kì í bọ̀ ọ́, kí ẹ yí i. Bí ọkọ̀ bá jí tó sì kú lójú ẹsẹ̀, kò burú, bí àwọn mìíràn ṣe ń ṣe nìyẹn. Bó bá jí tó ń ṣiṣẹ́ lọ, riwáyà kò tíì ṣe nǹkan kan.