Ojúṣe Bàbá Nínú Ọ̀rọ̀ Ọmú

Ẹ̀yin bàbá ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí Ọlọ́hun fi àkọ́bí ta wá lọ́rẹ, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmú kò kàn mí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá mi bu omi wá: "Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ." Ìyàwó mi wò mí, mo dákẹ́, ọmọ sì mu ún. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ọmú nìkan tó ọmọ fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Omi wà nínú rẹ̀.

Àáyà 233 nínú Súrátúl-Bákárà, tó dárúkọ ọdún 2 gbáko fún ọmú, gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá ọmọ lé bàbá lọ́rùn. Lọ́jọ́ kejì, mo fi pẹ̀lẹ́ bẹ ìyá mi: "Màámi, ẹ jẹ́ ká fi omi yìí se ọbẹ̀ fún ìyá ọmọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà.

Bàbá kò ní ọmú, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu àti ọwọ́. Kí Ọlọ́hun tọ́ wa sọ́nà, àmín.